Wákàtí Mélòó Lo Ti Fi Tọ́jú Èèyàn?

Nígbà tí mo pe màmá mi ní Ìgbòho pé mo ti rí ààyè wọ ilé-ẹ̀kọ́ PA, wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Akin, PA gómìnà wo?"

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Nílé, ẹni tó ń gbé báàgì ọ̀gá, tó ń gba fóònù ọ̀gá, tó sì ń sọ fún àlejò lẹ́nu ọ̀nà pé ọ̀gá ò tíì jí, òun là ń pè ní PA. Mo ní, "Màámi, kì í ṣe ti gómìnà. Physician assistant ni PA tèmi. Iṣẹ́ ìwòsàn ni. Èmi àti dókítà la ó jọ máa ṣiṣẹ́." Wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ lọ máa gbé báàgì fún dókítà ni? Ìwọ tí gbogbo ayé ń pè ní dókítà níbí?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti 2007 di 2013 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìlera kan lábúlé, lọ́nà tó lọ sí Kìṣí. Mi ò ju CHEW lọ, òṣìṣẹ́ ìlera tí ìjọba ìbílẹ̀ gbà, tó kàwé ọdún mẹ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́ ìlera Elẹ́yẹlé ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ pe èèyàn ní CHEW? Ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun, tó sì lè gún èèyàn lábẹ́rẹ́, dókítà ni. Ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Standing Orders ni wọ́n fi lé wa lọ́wọ́. Ìwé náà ló ń darí wa: ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná, wo báyìí, bi ìyá rẹ̀ ní báyìí, fún un ní oògùn báyìí, tí o bá rí àmì báyìí, má fọwọ́ kàn án mọ́, fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ilé ìwòsàn ńlá tiwa wà ní Ṣakí. Ọ̀kadà ni ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lọ síbẹ̀.

Mo ti dé Maryland, lọ́dọ̀ ìyàwó mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kí n tó gbọ́ pé ohun tó bí CHEW nílé ló bí PA ní Amẹ́ríkà: àìtó dókítà. Ní 1965, ní Yunifásítì Duke tó wà ní Durham, North Carolina, dókítà àgbà kan tó ń jẹ́ Eugene Stead kó ọkùnrin mẹ́rin jọ. Àwọn ọkùnrin yìí ti ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú nínú ọmọ ogun ojú omi. Wọ́n ti di ojú ọgbẹ́, wọ́n ti gún abẹ́rẹ́, wọ́n sì ti gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀, kò sí ìwé tí wọ́n lè fi ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín ìlú. Stead ní kí wọ́n wá kàwé ọdún méjì. Mẹ́ta nínú wọn jáde ní ọjọ́ 6 oṣù October, 1967. Ghana náà bẹ̀rẹ̀ irú tirẹ̀ ní Kintampo ní 1969. Nígbà tí mo ka ìtàn àwọn ọkùnrin mẹ́rin yẹn, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín. Mo mọ irú wọn dáadáa.

Kí ni PA ń ṣe gan-an? Ó ń yẹ aláìsàn wò, ó ń ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí kí wọ́n lọ ya fọ́tò egungun, ó ń sọ irú àrùn tó jẹ́, ó sì ń kọ oògùn. Gbogbo ìpínlẹ̀ 50 tó wà ní Amẹ́ríkà ló gbà kí PA kọ oògùn. Tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ abẹ, ó lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníṣẹ́ abẹ, kí ó máa ràn án lọ́wọ́, kí ó sì rán ojú ibi tí wọ́n là. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kì í sì í ṣe dókítà. Òun àti dókítà ló jọ ń ṣiṣẹ́, bí òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe là á sílẹ̀. Ìwé másítà ni wọ́n ń gbà, nǹkan bí oṣù 27 sì ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ fi ń kọ́ ọ. Nípa ti owó, ìdajì àwọn PA Amẹ́ríkà ló gbà ju 130,020 dọ́là lọ ní 2023, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ìjọba tó ń ṣírò owó iṣẹ́ ṣe kọ ọ́. Mo sọ iye yìí nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí wọn kì í bi mí ni bí mo ṣe wọlé.

Mi ò ní dìgírì nígbà tí mo dé, ìwé Elẹ́yẹlé nìkan ni mo ní. Iṣẹ́ ilé ìtọ́jú arúgbó ni mo kọ́kọ́ kọ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní CNA. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí 75. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń yí arúgbó padà lórí ibùsùn kí egbò má baà dá sí i lẹ́yìn, bí wọ́n ṣe ń fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú ní oúnjẹ kí ó má pá a lórí, bí wọ́n ṣe ń wẹ àgbàlagbà láìgba iyì rẹ̀. Alẹ́ ni mo ń ṣiṣẹ́, láti agogo méje ìrọ̀lẹ́ sí agogo méje àárọ̀. Ọ̀sán ni mo fi ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, nítorí pé owó ibẹ̀ kò wọ́n. Láti ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sí yunifásítì. Mo gba dìgírì àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ báyọ́lọ́jì ní 2020, nígbà tí kòrónà ti lé gbogbo wa sílé. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti pe orúkọ mi. Ìyàwó mi dín ẹran.

Àwọn ẹ̀kọ́ kan wà tí ilé-ẹ̀kọ́ PA ń béèrè kí èèyàn tó lè gba fọ́ọ̀mù: ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara àti bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, apá kìíní àti apá kejì, ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí, kẹ́mísìrì, ìṣirò statistics, ẹ̀kọ́ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Òmíràn kò fẹ́ èyí tó bá ti ju ọdún mẹ́wàá lọ, òmíràn ní ọdún márùn-ún. Àbúrò kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó gba dìgírì tó dáa nílé. Ó sanwó fún àjọ WES kí wọ́n bá a túmọ̀ èsì rẹ̀ sí ti Amẹ́ríkà, ó sì fi oṣù mẹ́jọ bẹ yunifásítì rẹ̀ kí wọ́n tó fi èsì náà ránṣẹ́. Ìgbà tí èsì náà délẹ̀ tán ló wá rí i pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí òun ń fẹ́ ní orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni èèyàn gbọ́dọ̀ ti kọ́ àwọn ẹ̀kọ́ yẹn. Ẹni tó bá ń ti ilé bọ̀, kí ó kọ́kọ́ ka ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ sílẹ̀ kí ó tó náwó fún ẹnikẹ́ni. Kí ó sì bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ń gba ẹni tí kò ní gíríìnì káàdì, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kì í gbà.

Fọ́ọ̀mù ọ̀hún ni wọ́n ń pè ní CASPA. Ojú kan ṣoṣo lèèyàn ti ń kọ ọ́, wọn a sì bá a fi ránṣẹ́ sí iye ilé-ẹ̀kọ́ tó bá yàn. Lápá ìparí oṣù April ni wọ́n ń ṣí i lọ́dọọdún. Nígbà tí mo kọ ọ́ ní 2021, ti ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ gba nǹkan bí 180 dọ́là, ọ̀kọ̀ọ̀kan èyí tó tẹ̀ lé e sì gba nǹkan bí 55 sí 60. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tún ní fọ́ọ̀mù tiwọn lọ́tọ̀, pẹ̀lú owó tiwọn lọ́tọ̀. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí o ti ṣe láti ọjọ́ tí o ti jáde girama ni wàá fi ọwọ́ ara rẹ tẹ̀ sínú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú máàkì rẹ̀. Mo gba C nínú organic chemistry ní ìgbà àkọ́kọ́, mo tún un ṣe, mo gba A. Mo rò pé A ti pa C rẹ́. Rárá o. CASPA ka méjèèjì pọ̀. Wọn kì í pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀.

Ní 2021, mo kọ fọ́ọ̀mù sí ilé-ẹ̀kọ́ méjìlá. Owó tó bá a lọ lé ní ẹgbẹ̀rún dọ́là. Mi ò rí ẹyọ kan. Ẹnì kankan ò tilẹ̀ pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Mo lè to ẹ̀ṣẹ̀ mi sílẹ̀ báyìí. Oṣù September ni mo fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n kọ pé yóò parí ṣì wà níwájú. Mi ò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wọn kì í dúró de ọjọ́ ìparí, pé bí fọ́ọ̀mù ṣe ń wọlé ni wọ́n ń kà á, tí wọ́n sì ń pín àyè. Nígbà tí tèmi dé, àwọn tó tètè dé ti jókòó. Mo ní kí pásítọ̀ wa kọ lẹ́tà fún mi. Pásítọ̀ kọ lẹ́tà tó dùn, tó sọ pé mo bẹ̀rù Ọlọ́run, mo sì ń tètè dé ìpàdé àdúrà. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ò fẹ́ lẹ́tà àlùfáà, tàbí ti ẹbí, tàbí ti ọ̀rẹ́. Dókítà tàbí PA tó rí ọ níbi iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni ti wákàtí. CASPA ń béèrè pé wákàtí mélòó lo ti fi ọwọ́ ara rẹ tọ́jú aláìsàn. Wọ́n ya ìyẹn sọ́tọ̀ kúrò lára wákàtí tí o fi wà ní ilé ìwòsàn ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ kò kan aláìsàn, bí ẹni tó ń to fáìlì. Wọ́n tún ya wákàtí tí o fi tẹ̀ lé PA lẹ́yìn, tí o kàn ń wò ó, sọ́tọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ń fẹ́ 500, òmíràn 1,000, òmíràn 2,000. Mo kọ ọdún kan péré nínú iṣẹ́ arúgbó mi, èyí tí mo ní ìwé owó oṣù rẹ̀ lọ́wọ́. Ọdún mẹ́fà tí mo lò lọ́nà Kìṣí, mi ò kọ ọ́ rárá. Mo rò pé kí ló kan òyìnbó pẹ̀lú Ìgbòho.

Àǹtí kan ló là mí lójú. Ìjẹ̀bú ni wọ́n, PA ni wọ́n ní Baltimore, wọ́n ti ṣe é ju ogún ọdún lọ. Mo gbé ìwé tí mo kọ nípa ara mi lọ fún wọn ní ọjọ́ Sátidé kan. Ìwé yìí ni CASPA fi ń béèrè ìdí tí o fi fẹ́ di PA. Kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 5,000 lọ, wọ́n sì ń ka àlàfo àárín ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Àǹtí ka tèmi tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Akin, ta lo ń kọ èyí sí?"

"Àwọn ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni, mà."

"Ó dáa. Wọ́n ti mọ̀ pé o fẹ́ràn láti máa ran èèyàn lọ́wọ́. Ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lánàá. Kí lo ṣe rí?"

Mo ní mo ti ṣiṣẹ́ CHEW díẹ̀ nílé.

"Díẹ̀ bíi mélòó?"

"Ọdún mẹ́fà, mà."

Wọ́n wò mí títí. "O ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà, o gbé e pamọ́. Ta ni yóò bá ọ sọ ọ́? Ṣé o rò pé wọn óò rán ẹnì kan lọ sí Ìgbòho láti lọ béèrè rẹ ni?"

Mo jókòó síbẹ̀, ojú ń tì mí. Wọ́n tọ́ wa dàgbà pé ẹnu ẹlòmíì ló yẹ kó sọ dáadáa wa. Tí bàbá mi bá ṣe ohun tó tóbi, tí wọ́n bá yìn wọ́n, wọ́n á ní Ọlọ́run ló ṣe é. Fọ́ọ̀mù yìí kò gba Ọlọ́run ló ṣe é. Ó ń béèrè ọjọ́ tí o bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí o parí, wákàtí mélòó lọ́sẹ̀, orúkọ ọ̀gá rẹ àti ibi tí wọ́n ti lè kàn sí i. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó rí i pé kì í ṣe ìgbéraga ni wọ́n ń wá. Ẹ̀rí ni wọ́n ń wá, bí ẹlẹ́rìí ṣe máa ń sọ ọ́ ní kóòtù: mo wà níbẹ̀, ohun tí mo rí nìyí, ohun tí mo fọwọ́ ṣe nìyí.

Mo jókòó pẹ̀lú bírò. Ọdún mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ 48 lọ́dún, wákàtí 40 lọ́sẹ̀: 11,520. Mo yọ ọjọ́ ìyanṣẹ́lódì òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Mo yọ ọjọ́ ìpàdé, ọjọ́ tí a fi ń kọ rẹ́jísítà, àti ọjọ́ tí a kàn jókòó sábẹ́ igi nítorí pé oògùn ti tán pátápátá. Mo kọ 8,700. Ọ̀gá mi àtijọ́ ti fẹ̀yìntì sí Òkehò, wọn ò sì ní ímeèlì. Ọmọ wọn ló bá wọn ṣí ọ̀kan. Wọ́n pè mí lóru ọjọ́ náà, "Akin, ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ bi mí léèrè nípa ibùdó wa? Ṣé kí n sọ ti òrùlé tó ń jò?" Mo ní, "Ẹ sọ ọ́, mà."

Mo tún ìwé 5,000 lẹ́tà náà kọ. Ọmọ kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé e wá lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà, ara rẹ̀ ń jó, gìrì ti gbé e lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ní ibà ni. Ibà pọ̀ ní àkókò yẹn, èmi náà ti na ọwọ́ sí oògùn ibà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé orí rẹ̀, ọrùn rẹ̀ le bí igi. Mo mọ̀ pé ìyẹn lè jẹ́ àrùn yírùnyírùn, mo sì mọ̀ pé ó ti kọjá ohun tí ìwé ọwọ́ mi gbà kí n ṣe. Ọlọ́kadà gbé wa, èmi lẹ́yìn, ìyá láàárín pẹ̀lú ọmọ, lọ sí Ṣakí. Mo kọ́kọ́ fi bí a ṣe sáré kún ìwé náà dáadáa, eruku àti òjò àti gbogbo rẹ̀. Àǹtí fa ìlà sí i. Wọ́n ní, "Gbogbo èèyàn ló lè gun ọ̀kadà. Ọrùn ọmọ yẹn ni kí o sọ. Bí o ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ibà, àti bí o ṣe mọ ibi tí agbára rẹ pin sí, iṣẹ́ PA nìyẹn." Àǹtí kì í sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ náà yè, ó sì ti wà ní girama báyìí.

Ní 2022, ilé-ẹ̀kọ́ méje péré ni mo yàn, mo sì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù May. Lẹ́tà mi wá láti ọ̀dọ̀ Àǹtí, láti ọ̀dọ̀ dókítà ilé ìtọ́jú arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àti láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ mi kan. Mẹ́ta nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà pè mí. Ọ̀kan nínú wọn ń gbé èèyàn láti ọ̀dọ̀ olùbéèrè kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn, ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, ìbéèrè kan lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan bi mí pé kí ló dé tí n ò lọ di dókítà. Mo sọ fún un pé ó tó ọdún méje, ó kéré tán, láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ dókítà títí di ìgbà tí wọ́n bá parí ìkọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, pé mo ti lé ní ọgbọ̀n dáadáa, mo sì ti bí ọmọ méjì. Mo wá sọ fún un pé láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìlera ni mo ti ń ṣe é pẹ̀lú dókítà tó wà ní ìlú mìíràn. Tí PA bá wà ní yàrá kan náà pẹ̀lú dókítà, ọ̀nà yẹn ti kúrú gan-an lójú mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, èmi ò fẹ́ sọ púpọ̀ nípa rẹ̀, nítorí pé mi ò rántí oorun kankan nínú ọdún àkọ́kọ́. Kíláàsì ni, láti àárọ̀ dalẹ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni a fi ń lọ láti ẹ̀ka kan sí ẹ̀ka mìíràn ní ilé ìwòsàn: ti àgbàlagbà, ti ọmọdé, ti aboyún, ti ọpọlọ, ti iṣẹ́ abẹ, ti pàjáwìrì. Ní ìparí rẹ̀ ni ìdánwò orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní PANCE, ìbéèrè 300, tí máàkì tí wọ́n fi ń yege rẹ̀ jẹ́ 350 lórí òṣùwọ̀n tó ga dé 800. Mo yege ní May 2025. Gbèsè ilé-ẹ̀kọ́ wà lọ́rùn mi, mi ò ní purọ́. Ìjọba ni mo yá a lọ́wọ́ rẹ̀, lábẹ́ ètò Grad PLUS. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2025 ti pàṣẹ pé kí wọ́n má fún ẹni tuntun ní owó ètò yẹn mọ́ láti ọjọ́ 1 oṣù July, 2026. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi gbọ́dọ̀ bi ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ nípa owó kí ó tó bi wọ́n nípa ohunkóhun mìíràn.

Ti orúkọ náà ò tíì tán o. Ní 2021, ẹgbẹ́ àwọn PA Amẹ́ríkà dìbò pé kí wọ́n yí "assistant" padà sí "associate", kí ó má dà bí ẹni tó ń gbé báàgì. Ní Britain, "associate" ni wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn dókítà ibẹ̀ ní ó ń ṣi aláìsàn lọ́nà, nígbà tó sì di July 2025, ìwádìí tí ìjọba gbé lé Ọ̀jọ̀gbọ́n Gillian Leng lọ́wọ́ dámọ̀ràn pé kí wọ́n padà sí "assistant". Bí mo ṣe ń ṣàlàyé èyí fún màmá mi, wọ́n ní kí n má da àwọn láàmú, pé dókítà ni àwọn óò máa pè mí. Ní kílíníìkì tí mo wà báyìí, tí bàbá Yorùbá kan bá pè mí ní dókítà, mo máa ń dá wọn dúró, mo máa ń ṣàlàyé. Wọ́n á gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n á ní, "Ẹ ṣé, dókítà."

Ṣùgbọ́n mo ti sáré kọjá ibì kan. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní October 2022, kò pẹ́ tí mo wọṣẹ́, mo ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn bàbá kan tó ti ṣe sójàá ní Kòríà nígbà èwe wọn. Fóònù ń gbọ̀n lápò mi. Mo rí nọ́ńbà Pennsylvania, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó pè mí wà. Bàbá náà dì mọ́ apá mi nítorí pé mo ti yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀. Mo jẹ́ kí fóònù dún tán. Mo tẹ́ aṣọ tuntun, mo fi tìmùtìmù há wọn lẹ́yìn, mo bo ẹsẹ̀ wọn. Orí àtẹ̀gùn ni mo ti wá gbọ́ ohùn obìnrin tó sọ fún mi pé wọ́n ti gbà mí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jókòó sínú mọ́tò, mo fa ìwé kékeré mi yọ, mo kọ ọjọ́ náà àti wákàtí 12 síbẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo ti fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ kí n tó rántí pé mi ò nílò rẹ̀ mọ́.